Ibọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ẹ kú òtútù, ẹ kú wàhálà ọmọ. Mùsílíù lorúkọ mi, ọmọ Ìwó ni mí, Peckham ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ara mi ló ṣẹlẹ̀ sí, mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Mi ò kàwé púpọ̀, bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi fò ó.

Kí n ti sọ ọ́ nísinsìnyí: mi ò fẹ́ràn Dáúdà. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ń retí pé a máa dì mọ́ra wa níparí ọ̀rọ̀ yìí, kó yáa lọ wá nǹkan mìíràn kà.

Ọmọ Ẹdẹ ni Dáúdà. Alápatà ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ta ẹran lọ́jà Deptford kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ẹ̀ le, ẹnu ẹ̀ tún le ju ọwọ́ ẹ̀ lọ. Mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń kírun níbí. Àga ló dá ìjà sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa tí eékún ti ń yọ lẹ́nu, orí àga la ti ń kírun. Àga mẹ́fà ló wà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, irin ara ògiri tó máa ń gbóná nígbà òtútù. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ọba ni lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Dáúdà wá dúró lé mi lórí.

“Dìde ńbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti gbé àga yẹn wá.”

“Ṣé o kọ orúkọ sí i ni?”

“Mo kọ ọ́. Ìdí ẹ ló gbòòrò tó fi bo orúkọ mi.”

Gbogbo mọ́ṣáláṣí rẹ́rìn-ín. Ààfáà gan-an fọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, mo búra pé Dáúdà ò ní jókòó sórí àga yẹn lójú ayé mi. Mo máa ń dé ní wákàtí kan ṣáájú gbogbo èèyàn. Odindi ọdún méjì, mi ò jẹ́ kí àga náà tutù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àìsàn.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti sọ fún mi níbi dọ́kítà àdúgbò wa pé mo ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Bethany ló gún mi níka. Mo ní kó tún un gún. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lápá mi pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá bọ̀. Mo ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Èmi? Èmi tí mi ò fi ṣúgà sí tíì láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí?

Rahmah ọmọ mi ló wá ń bá mi jà. Ilé ìwé àwọn ọmọdé ní Brockley ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá ẹ̀ ti kú, òun ló kù tó ń wò mí.

“Dádì, kì í ṣe ṣúgà inú tíì nìkan. Ẹ̀bà yẹn náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òyìnbó tí ò jẹ ẹ̀bà rí?”

“Dádì, ẹ wò ó. Ẹ̀bà yẹn tóbi ju orí mi lọ.”

“Orí ẹ ló kéré.”

Ẹ̀bà láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ẹ̀bà lálẹ́, máátì ìgò méjì láti fi sìn ín lọ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ọdẹ ni ní Surrey Quays, ọdẹ tó jókòó sójú kan tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mẹ́jọ, tí ò rí olè kankan. Ikùn mi á ti wọlé kí èmi fúnra mi tó wọlé. Oògùn tí wọ́n fún mi, ọjọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹ mí ni mò ń lò ó. Tí ara bá ti yá, ó di inú àpótí. Wọ́n kọ létà pé kí n wá kí wọ́n yẹ ojú mi wò, mi ò lọ. Wọ́n kọ òmíràn pé kí n wá kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ mi wò, mo fi létà náà tẹ́ ìdí ìkòkò tíì. Ẹsẹ̀ tí ò dùn mí, kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀?

Kẹ́ ẹ sì wá máa wò ó o, ẹsẹ̀ ló pa bàbá mi. Egbò kan yọ sí wọn látẹ́lẹsẹ̀, ní Ìwó, ó kọ̀ kò jinná. Wọ́n ní Yàkúbù tó ń gbé òdìkejì ilé wa ló sin nǹkan sójú ọ̀nà, tí bàbá mi gbẹ́sẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn, ó lé ní àádọ́ta ọdún, ilé wa ò kí ilé wọn. Wọ́n bímọ, a ò yà. Òkú kú fún wọn, a ò yà.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Mo ti kọ́lé sí Ìwó, ó ti tó gbé. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi méjèèjì wọ ilé náà, kì í ṣe kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì mí wọlé bí ẹrù. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń sọ pé mò ń lọ.

Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ húfù wá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, húfù ni ibọ̀sẹ̀ aláwọ. Tó o bá ti ṣe àlùwàlá pé, tó o fọ ẹsẹ̀ kó o tó wọ̀ ọ́, nígbà tó o bá tún fẹ́ kírun, o ò ní bọ́ ọ mọ́, o kàn máa fi ọwọ́ tútù pa á lórí ni. Ìrọ̀rùn ni Ọlọ́run fi ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ọ̀sán kan àti òru kan ni ti onílé. Arìnrìn-àjò ló ni ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ní arìnrìn-àjò ni mí. Ṣé mo wá jókòó ní London ni? Mò ń bọ̀ lọ sílé ni. Bí mo ṣe ń wọ húfù fún ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta nìyẹn, tí mi ò fojú kan ẹsẹ̀ ara mi. Inú mi sì dùn sí i, torí títẹ̀ba láti fọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ikùn tí mo ní yìí, ìyà gidi ni.

Ó ti tó ọdún kan nígbà náà tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń ṣe bí ẹni ń rìn lórí òwú. Sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ mi ní pálọ̀, mi ò ní mọ̀ títí n óò fi dé kíṣìnì. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Jímọ̀ kan nínú oṣù kìíní, òtútù mú tó fi ń ta èèyàn létí. Mo dé kí àwọn yòókù tó dé, mo ṣe àlùwàlá, mo fọ ẹsẹ̀, mo jókòó sórí àga mi. Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé rédíétọ̀ kí wọ́n lè gbẹ. Ìgbà náà ni Dáúdà wọlé, imú ẹ̀ pọ́n, ó ń gbọ̀n. Ó jókòó sí ọ̀ọ́kán mi. Ẹsẹ̀ mi ti gbẹ tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbé e kúrò. Mo fẹ́ kó rí mi. Mo na ara, mo ní “Háà, ooru yìí dára o,” kó lè gbọ́. Ó wò mí, mo wò ó. Ìgbà tí mo jẹ̀gbádùn tán ni mo wọ húfù mi.

Sátidé kọjá, Sọ́ńdè kọjá. Ara mi gbóná díẹ̀, mo lo oògùn orí fífọ́.

Ọjọ́ Ajé, a kí àláásárì. Eékún Dáúdà ní tiẹ̀ ò dúró sójú kan, lọ́jọ́ mìíràn á lo àga, lọ́jọ́ mìíràn á ní òun ṣì lágbára. Lọ́jọ́ náà ó ní òun lágbára. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an ló forí kanlẹ̀ sí. A sálámà tán, mi ò tíì yíjú padà, ó ti dìde dúró.

“Ta ló gbé òkú ẹran wọ mọ́ṣáláṣí?”

Gbogbo ilé yíjú sí i.

“Ara ẹ ló ń rùn,” mo ní. “Ọgbọ̀n ọdún tó o fi kun ẹran, o rò pé ọṣẹ lè bó o?”

“Ìdí tí mo fi mọ̀ nìyẹn. Ẹran tó bá ti ń bàjẹ́, kì í pamọ́ fún imú mi. Ẹsẹ̀ ẹ ni. Bọ́ ibọ̀sẹ̀ yẹn.”

“Mi ò bọ́.”

“Ìgbà wo lo bọ́ ọ kẹ́yìn?”

“Kí ló kàn ẹ́?”

“Mùsílíù, ìgbà wo?”

“Jímọ̀.”

Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè, òní! Ọjọ́ kan péré ni ti onílé!”

“Èmi kì í ṣe onílé. Arìnrìn-àjò ni mí. Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi.”

“Arìnrìn-àjò!” Ó yí sí àwọn èèyàn. “Arìnrìn-àjò tó ní ilé kánsù, ilé tí ìjọba fún un! Arìnrìn-àjò tó ní káàdì bọ́ọ̀sì àgbà! Arìnrìn-àjò tó gbin òdòdó sójú fèrèsé! Ọdún mélòó lo ti dé?”

“Méjìdínlógójì. Ṣùgbọ́n mò ń lọ.”

“Bọ́ọ̀sì wo lò ń dúró dè?”

Ẹ̀rín tún bẹ́. Ààfáà Abdulbasit sáré wá. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni, Yorùbá ẹ̀ máa ń rìn bí ẹni wọ bàtà tí ò bá a mu, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé.

“Bàbá Dáúdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Bàbá Mùsílíù, ẹ má bínú o, onílé ni yín. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ arìnrìn-àjò ni yín, ọjọ́ mẹ́ta ti pé láti ọ̀sán.”

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo fa húfù ọ̀tún yọ pẹ̀lú agbára, mo fẹ́ sọ ọ́ lu Dáúdà lójú. Awọ ẹsẹ̀ mi bá a jáde.

Kò dùn mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kò dùn mí rárá. Mò ń wo ẹran pupa lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọmọ ìka tó kéré jù ti dúdú bí èédú, ó sì dà bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ìyẹn ló já mi láyà. Mo wo ojú Dáúdà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo nawọ́ sí i, mo ní: “Ìwọ lo ṣe é! O ti fi nǹkan sórí àga yẹn torí pé mo gbà á lọ́wọ́ ẹ!”

Dáúdà wo rédíétọ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi.

“Jímọ̀ yẹn,” ó ní, “nígbà tó ò ń nasẹ̀ sí mi tó ò ń ṣe yẹ̀yẹ́, mo lọ fọwọ́ kan irin yẹn lẹ́yìn tó o dìde. Ó jó mi lọ́wọ́. Mo ní báwo ni wèrè yìí ṣe fara dà á? Mo rò pé ìwà burúkú ló ń fún ẹ lágbára. Rédíétọ̀ lo fi sun ara ẹ bí ẹran, má kó ọ̀ràn bá mi.”

Mo dìde lórí àga. “Mò ń lọ sílé. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ni n óò fi fọ̀ ọ́, n óò fi oyin lé e.”

“O ò ní lọ.”

Ó kó bàtà mi níbi tí wọ́n ń to bàtà sí, ó kó o sórí àga ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, ó sì fìdí lé e. Ó jókòó lé bàtà mi, lórí àga mi.

“Yìnyín wà níta,” ó ní. “Máa lọ láìwọ bàtà, arìnrìn-àjò.”

Mo bú u, mo bú Ẹdẹ, mo bú màlúù tó pa. Kò dìde. Ó ní kí Abdulbasit pe Rahmah lórí fóònù, orí bàtà yẹn ló jókòó sí títí ọmọ mi fi dé láti Brockley tòun ti ẹkún, tó fi tákísì gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka kékeré yẹn. Dọ́kítà ní ká ní mo dúró di Ọjọ́rú ni, ọrùn ẹsẹ̀ la ò bá máa sọ, kì í ṣe ọmọ ìka.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, Bethany ló ń di egbò ẹsẹ̀ mi fún mi. Òyìnbó ẹ̀ máa ń sáré, Rahmah ló ń túmọ̀. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló fà á gan-an, èmi tí mi ò lá ṣúgà. Ó ní oúnjẹ oníyẹ̀fun tí mò ń jẹ, ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí ara kó o lò, ṣùgbọ́n ara tó sanra níkùn, tó ń jókòó ṣáá, á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kó o. Ṣúgà á wá jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, á máa ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ti ẹsẹ̀ á kú, o ò ní mọ iná, o ò ní mọ ìṣó. Ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀ dáadáa, egbò ò ní jinná. Á tún mú ojú, á mú kíndìnrín, á mú ọkàn. Kò ní dùn ẹ́ títí ó fi máa pẹ́ jù.

“Ó tún ń rìn nínú ẹbí,” ó ní. “Ṣé ẹnì kan ní in nílé yín?”

Mo ní rárá. Lẹ́yìn náà mo rántí egbò bàbá mi. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó mọ́, tí èèrà á ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Gbogbo wa la rí èèrà yẹn. Yàkúbù la lọ dì í rù.

Mo pe àbúrò mi Mìsítúrà ní Ìwó. Mo ní Yàkúbù ò sin nǹkan kan, ṣúgà ló pa bàbá. Mo ní kó lọ kí ìyàwó Yàkúbù tó ṣì kù láyé. 

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “gbogbo ọdún wọ̀nyí lẹ ò sí ńlé. Ẹ wá fúnra yín, kẹ́ ẹ wá kí i.” Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Báyìí, dígí kékeré kan wà nílẹ̀ yàrá mi. Ní gbogbo àárọ̀ ni mò ń gbé ẹsẹ̀ sókè rẹ̀, mò ń wo abẹ́ ẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Mò ń ti ọwọ́ bọ inú bàtà kí n tó wọ̀ ọ́, bóyá òkúta wà níbẹ̀. Ìgúnpá ni mo fi ń tọ́ omi wò. Mi ò súnmọ́ rédíétọ̀. Oògùn, lójoojúmọ́, ara ì báà yá. Ẹ̀bà mi ò ju ẹ̀ṣẹ́ Rahmah lọ, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ lórí àwo. Ẹ máa ṣàánú mi. Nígbà tí ẹsẹ̀ jinná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pápá Peckham Rye ká. Húfù náà, mò ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Mo gbà. Onílé ni mí.

Jímọ̀ tí mo kọ́kọ́ padà sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti gbé àga yẹn kúrò nídìí rédíétọ̀ lọ sí àárín. Dáúdà ló gbé e. Mi ò dúpẹ́. Òun náà ò kí mi kú ewu. Ó kàn ní: “Bọ́ ọ.”

“Kí ni?”

“Ibọ̀sẹ̀. Jẹ́ n rí i.”

Ó wò ó bí ẹni ń ra ẹran, ó yínmú. “Kò tíì bàjẹ́. Wọ̀ ọ́.” Gbogbo Jímọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ẹ rí i pé mi ò parọ́ pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà lójú. Mo rí i pé Dáúdà ń jáde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wáásí tó parí. Ìgò omi ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí ẹ̀.

“Lọ jẹ́ kí wọ́n gún ẹ níka,” mo ní.

“Èmi? Ẹran ni mò ń jẹ. Ẹran kì í ṣe ṣúgà.”

“Èmi náà ní mi ò fi ṣúgà sí tíì.”

“Ìwọ, ọ̀lẹ ni ẹ́.”

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo lọ kó bàtà ẹ̀, mo fìdí lé e. Mo ní kò ní rí i gbà àfi tó bá lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó wò mí, ó wo bàtà lábẹ́ mi. Ó ní, “Ìdí yẹn náà nìyẹn.” Ó jáde, ibọ̀sẹ̀ nìkan ló fi rìn lọ sí ibùdókọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì Deptford. Mo sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀pá, mi ò bá a. Mò ń pariwo pé kó má fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, ó ń pariwo pé kí n fi bàtà náà jẹ ẹ̀bà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàtà yẹn fi wà lójú fèrèsé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Bàtà mìíràn ló ń wọ̀ wá, kò sì jókòó tì mí.

Jímọ̀ tó kọjá, ó wá dúró níwájú mi. Ó na ìka sí mi lójú. Báńdéèjì tín-ín-rín wà ní orí ìka ẹ̀.

“Bàtà mi dà?”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Kí ló kàn ẹ́?”

“Dáúdà, kí ni wọ́n sọ?”

Ó fa páálí oògùn kan yọ lápò, irú tèmi gan-an. Ó ń wo rédíétọ̀. 

Mo fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ mi. “Jókòó,” mo ní. “Bọ́ ibọ̀sẹ̀ ẹ.”

Ó bú mi, ó bú Ìwó, ó bú ìdí mi. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ba, ó bọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mo mọ̀ pé ẹ ní tiyín. Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n gé nílé yín? Ta lẹ di ẹ̀bi ẹ̀ rù? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ì báà ṣe ojú ìwé kan, ẹ má wo ti àṣìkọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ibọ̀sẹ̀ yín, kẹ́ ẹ wò ó.